Ẹ Má Sọ Pé "Ẹrù Ti Ń Bọ̀" Nígbà Tí Kò Tíì Kúrò ní Àpápá

"Ẹrù ti ń bọ̀ lọ́nà." Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn ọ̀gá tó ń rí sí èròjà ilé-iṣẹ́, láti Ìlúpéjú dé ọ̀nà Ọba Akran ní Ìkẹjà, nígbà tí kọ̀ǹténà ṣì wà ní Àpápá, tí Kọ́sítọ́ọ̀mù kò tíì dá a sílẹ̀. Wọn kò fẹ́ kí wọ́n jágbe mọ́ wọn ni. Àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ á gbà wọ́n gbọ́, wọ́n á pe àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́, wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀, epo á máa jó lásán.

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ajẹ́ǹtì tó ń bá yín gba ẹrù jáde ní èbúté bá pè yín láago mẹ́jọ àárọ̀ pé ẹrù kò ní jáde lónìí, kí ẹni tó ń darí ẹ̀rọ gbọ́ kó tó di aago mẹ́jọ ààbọ̀. Ó ṣì lè kọ́kọ́ ṣe ọjà tí èròjà rẹ̀ wà nílẹ̀. Tó bá fi di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ti há.

Ẹ má sì fi ẹnu lásán sọ iye. Ní ilé-iṣẹ́ oníke kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọ̀gá wa fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí bọ̀dá tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀: "Bọ̀dá, ẹ kó 10 fún wọn lálẹ́ yìí o." Tọ́ọ̀nù 10 ló ní lọ́kàn, ìyẹn báàgì 400, torí kílò 25 ni báàgì kọ̀ọ̀kan. Báàgì 10 ni bọ̀dá kó jáde. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó ti ilẹ̀kùn, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé. Ilẹ̀ kò tíì ṣú tán tí ẹ̀rọ fi dákẹ́. Èmi náà gbọ́ ohùn yẹn, ó sì ṣe mí bíi pé 10 kéré jù, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mò ń yájú sí àgbà. Bọ̀dá ni wọ́n fún ní ìwé ìkìlọ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: "tọ́ọ̀nù 10, báàgì 400." Kí ẹni tó gbà á tún un sọ kó tó gbé ẹsẹ̀.

Dírẹ́bà ńkọ́? Láti ọdún 2021 tí ètò ìpè ọkọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ti bẹ̀rẹ̀ ní èbúté Àpápá, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gba àyè sílẹ̀ kó tó wọlé. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé òun ló máa gbọ́ kẹ́yìn.

Ní ìpàdé àárọ̀, ẹni tó kéré jù ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè ohun tó rí, kí ọ̀gá kankan tó lanu.