Ajá Tí Kò Lólówó Lábà Yín: Ẹ Gbé Májèlé Sílẹ̀

Ajá kan bu ọmọ ọdún mẹ́jọ jẹ ní abà kan ní Ìbàràpá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ọ̀dọ́ ti po ọ̀tápíápíá mọ́ ìfun ẹran, wọ́n ti dà á kiri ìdí ọjà. Ajá mọ́kànlá kú, adìyẹ ìyá aláta mẹ́fà bá a lọ. Mẹ́ta nínú àwọn ajá náà, àwa fúnra wa la gún wọn lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi ní oṣù méjì ṣáájú. Ọmọ náà ńkọ́? Epo pupa ni wọ́n fi pa ojú ọgbẹ́ rẹ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ilé ti lé ajá lọ. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Kò yè é.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí ajá mìíràn fi kún ìdí ọjà yẹn. Ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí wọ́n ti wá, abẹ́rẹ́ kankan ò sì kàn wọ́n rí.

A ò wá kọ́ ọdẹ ní bí wọ́n ṣe ń sin ajá. Ohun kan ṣoṣo la bá wá: ẹ yé fi májèlé pa ajá tí ẹ ò mọ olówó rẹ̀. Níbi tí ààtàn àti egungun bá wà, ajá á débẹ̀. Èyí tó ti gba abẹ́rẹ́ lẹ pa yẹn, èyí tí kò gbà á ló ń bọ̀ wá rọ́pò rẹ̀.

Ẹ kà wọ́n

Aago mẹ́fà àárọ̀, kí wọ́n tó gbá ọjà, èèyàn méjì, ìwé kan, ọjọ́ méjì tẹ̀léra. Ẹ kọ àwọ̀ rẹ̀, bóyá ako ni tàbí abo, àti ibi tó ń sùn. Ẹ ka ti àwọn ọdẹ, ẹ ka ti àwọn Fúlàní ẹ̀yìn odò, ẹ ka ọmọ ajá pẹ̀lú. Abà tó bá ní ajá 40, ó kéré tán, 28 gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ìyẹn 7 nínú 10, lọ́dọọdún. Ẹ má sọ fún wa pé ẹ ti mú àwọn tó wà lórí ṣéènì wá. Àwọn tí kò sí lórí ṣéènì là ń bá yín sọ.

Ẹ pín wọn

Ajá gbogbo ìlú, ebi ló ń pa á. Ajá kan, ilé kan. Kí orúkọ ilé náà wà nínú ìwé Baálẹ̀, kí ilé kejì sì wà lẹ́yìn rẹ̀ fún ìgbà tí wọ́n bá lọ sóko ọ̀nà jíjìn. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ta ló fọn fèrè fún àwọn wọ̀nyí rí? Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ ajá bú aládùúgbò. Ajá tí wọ́n bá ń fi orúkọ rẹ̀ pòwe mọ́ èèyàn láràárọ̀ ni májèlé kọ́kọ́ ń kàn.

Bí ẹ ṣe máa mú un

Ẹ má lé e. Ẹ gbé oúnjẹ sí ojú kan náà, lásìkò kan náà, fún ọjọ́ 7, kí ẹni kan ṣoṣo máa gbé e. Lọ́jọ́ kẹjọ, kí ẹni yẹn fi ọ̀já àtijọ́ kọ́ ọ lọ́rùn. Okùn ọ̀rá máa ń gé e lára. Ẹ fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ yí i lẹ́nu, kí ẹ ta kókó sábẹ́ àgbọ̀n, kí ẹ wá so ó sẹ́yìn etí. Kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 5 lọ, kó má sì jẹ́ nínú oòrùn, torí ẹnu tó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀.

Èyí tí ebi ti hàn ní ìhà rẹ̀, ẹ má fún un ní àjẹyó lọ́jọ́ kìíní. Ẹ̀bà ààbọ̀ ìkúùkù tí ẹ fi omi ẹja rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, fún ọjọ́ 3. Kò sí ata, kò sí àlùbọ́sà, kò sí egungun. Láti ọjọ́ kẹrin, ìkúùkù méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́. Omi, ó kéré tán, ọ̀rá méjì lójúmọ́.

Abẹ́rẹ́

Dókítà ẹran ló ń gún un, kì í ṣe ẹni tó ń ta oògùn adìyẹ. Iṣẹ́ tiyín ni kúlà tí ìgò oògùn abẹ́rẹ́ náà wà nínú rẹ̀. Àárín 2 sí 8 ni òtútù rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí òṣùwọ̀n Celsius (°C). Ẹ fi ìwé ìròyìn wé ìgò kó má kan yìnyín. Tó bá dì, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìgò tí wọ́n bá ṣí lónìí, òní ni kí ó tán.

Bí ajá bá bu èèyàn jẹ

Ẹ gbàgbé ajá ná. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú 15, kí ẹnìkan máa wo aago. Kì í ṣe epo, kì í ṣe ata, kì í ṣe irun ajá náà tí wọ́n sun. Ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Abẹ́rẹ́ náà tó mẹ́rin tàbí márùn-ún láàárín oṣù kan, ẹ ò sì gbọdọ̀ dá a dúró lójú ọ̀nà torí pé ojú ọgbẹ́ ti san. Bí dìgbòlugi bá ti fi ara hàn lára èèyàn, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ẹ̀yìn èyí lẹ ó wá ajá. Bí ẹ bá lè há a mọ́ láìfọwọ́ kàn án, ẹ há a mọ́ fún ọjọ́ 10, kí dókítà ẹran máa wò ó. Ẹ má pa á. Tí ẹ bá pa á, ta ni dókítà fẹ́ máa wò fún ọjọ́ 10 láti mọ̀ bóyá àrùn wà lára rẹ̀? Bó bá kú fúnra rẹ̀, ẹ má kun ún, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ pe dókítà ẹran kó wá gba orí rẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Ọmọ ajá

Oyún ajá ò ju nǹkan bí ọjọ́ 63 lọ, abo ajá sì lè bímọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹ bi dókítà léèrè iṣẹ́ abẹ tí kì í jẹ́ kí ajá bímọ mọ́. Abo ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá ti bí, kí ilé tó gbà á kọ iye ọmọ náà sínú ìwé Baálẹ̀. Tí wọ́n bá pé oṣù 3, àwọn náà á gba abẹ́rẹ́. Àpò ìrẹsì tí ẹ fi ń kó wọn lọ dà sí abà ẹlòmíràn lóru, ẹ fi kó àgbàdo.