Ẹ Gbé Ayùn Yẹn Sílẹ̀: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Yíyan Ọfà

Ọmọ Òṣómàáló ni mí. Owó tó ṣòfò máa ń dùn mí ju ọfà tó tàsé lọ. Ohun tí mò ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọrun ní Iléṣà níbí ti sú mi. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kí inú mi rọlẹ̀.

1. Ẹ má ra ọfà kí ẹ tó mọ ibi tí ọwọ́ yín ń fa ọsán, ìyẹn okùn ọrun, dé. Íǹṣì 28 ni wọ́n sábà fi ń wọn agbára tí wọ́n kọ sára ọrun. Bí tìrẹ bá mọ sí 26, o kò tíì rí gbogbo agbára yẹn lò.

2. Nọ́ńbà ara ọfà kábọ̀n kì í ṣe nọ́ńbà agbára. Wọ́n á gbé ọfà lé orí nǹkan méjì tó fi íǹṣì 28 jìnnà síra, wọ́n á so gíráàmù 880 rọ̀ sí àárín rẹ̀, wọ́n á wo bó ṣe tẹ̀ tó. Èyí tó bá tẹ̀ ní ìlàjì íǹṣì ni 500. Nọ́ńbà tó tóbi ló rọ̀. Ẹ yé ra 300 nítorí pé ẹni tó ń tà á ní òun ni àwọn ọdẹ ń lò!

3. Gígé. Òun gan-an ló mú mi jókòó kọ̀wé.

Ẹ̀gbẹ́ igi ọrun ìbílẹ̀ ni ọfà ń gbà kọjá. Bí ọsán bá ti ta á nídìí, á kọ́kọ́ tẹ̀, á yí igi náà ká, kó tó nà padà. Fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún fa ọsán, ọfà tó le jù á yà sí òsì, èyí tó rọ̀ jù á yà sí ọ̀tún.

Ọmọkùnrin kan wá láti Ifẹ̀ pẹ̀lú ọrun pọ́n-ùn 35 àti ọfà 300 nínú apó. Òsì ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Kí ni arákùnrin ṣe? Ó gbé ayùn, ó ní ó gùn jù ni. Ó gé e, ó yà sí òsì ju ti tẹ́lẹ̀. Ó tún gé e. Ẹ gbà mí o! Ọfà kúkúrú kì í tẹ̀ bí èyí tó gùn. Ńṣe ló ń sọ ọ́ di líle sí i. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ mi, bó bá fa ọsán tán, irin ẹnu ọfà ti wọ ẹ̀yìn ọrun, ó ń rá pálá lórí ìka ọwọ́ òsì rẹ̀. Ìyàwó mi ní igbe tí mo ké lọ́jọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ ní Ẹrẹ́jà. Odidi ọfà méjìlá, kò ṣe é fi dáná pàápàá.

Ẹ ra èyí tó gùn. Bó bá le, ẹ fi irin tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ sí ẹnu rẹ̀, á rọ̀. Bó bá rọ̀ jù nìkan ni kí ẹ gé e, ìdámẹ́rin íǹṣì lẹ́ẹ̀kan, lára ọfà kan ṣoṣo. Ẹ bọ́ ìyẹ́ ọfà kan, ẹ ta á pọ̀ mọ́ àwọn oníyẹ̀ẹ́, torí ìyẹ́ máa ń bo àléébù. Bó bá balẹ̀ sókè jù wọ́n, ibi tí ẹ fi ìdí ọfà há ọsán ti wálẹ̀ jù. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dúró sójú kan, kó má tíì dán èyí wò.

Nọ́ńbà tí mo fi ń to ọ̀rọ̀ mi ti dàrú, ẹ má bínú.

Ìyẹ́ oníke lórí ọrun tí ọfà ń ha ara rẹ̀: rárá. Ìyẹ́ tòlótòló ni, apá kan náà ni kí gbogbo rẹ̀ sì ti wá.

Ọfà tó fúyẹ́ jù ń pa ọrun. Fún pọ́n-ùn 40, kó tó gíráàmù 21 sí 26. Ẹ má sì fa ọsán òfìfo kí ẹ jù ú sílẹ̀, ì báà ṣe torí fọ́tò.

Ọfà kábọ̀n tó forí sọ òkúta, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ nítòsí etí kí ẹ tó tún ta á. Bó bá ń dún, ẹ ṣẹ́ ẹ dànù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé igi fún káfíńtà kó fi gbẹ́ ọfà, méjìlá lè jọra lójú kí wọ́n má tẹ̀ bákan náà. Ti igi, íǹṣì 26 ni àlàfo, pọ́n-ùn 2 ni ẹ ó so mọ́ ọn. Ẹ wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ṣa àwọn tó bára mu síbì kan. Ìyókù, ẹ tà á fún ẹni tí ọrun rẹ̀ gba irú wọn.