Àṣìṣe tó ń jẹ owó ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta aṣọ ní Balógun

Ó ti sú mi. Owó àjọ lẹ ń kó wá sí Balógun, ẹ ó kó léèsì lọ, kò ní pẹ́ owó á wọgbó. Ẹ kì í ṣe òpè o. Ohun méjì, mẹ́ta ni ọpọlọ yín ń lé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò sì mọ èyí tó ń borí.

1. Ẹ má wọjà láìtíì pinnu ohun tó ṣe pàtàkì jù. Ṣé kí owó tètè padà ni, àbí kí wọ́n máa pè yín ní oníléèsì ńlá? Apá ọpọlọ tó wà lẹ́yìn iwájú orí ló ń gbé owó, ìtìjú, àárẹ̀ àti ìyìn lé ìwọ̀n kan náà kó tó yàn. Bí ẹ ò bá sọ èyí tó wúwo jù fún un, ẹni tó ń tajà fún yín á bá yín sọ ọ́.

2. Ẹ má fi ebi nájà.

3. Èyí ló ń bí mi nínú jù: ẹ ò fẹ́ tà á wálẹ̀! Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nítòsí mi ra léèsì ní 25,000 náírà. Àsìkò àwọ̀ náà kọjá, wọ́n fún un ní 18,000, ló bá fárígá: “Ṣé ẹ mọ iye tí mo rà á ni?” Kí ló kan oníbàárà níbẹ̀? Owó ṣọ́ọ̀bù dé, kò rówó ra ọjà táwọn èèyàn ń béèrè. Nígbẹ̀yìn, 11,000 ló tà á, ó tún ní ayé ló ń bá òun jà. Ayé wo? Ó fẹ́ kí owó yípo, ó sì fẹ́ kí òun má pàdánù. Ìkejì ló ń pariwo jù nínú orí. Láti 1979 ni Daniel Kahneman àti Amos Tversky, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti kọ ọ́ pé àdánù máa ń dunni ju bí èrè tó bá a dọ́gba ṣe ń dùn mọ́ni lọ. Àwọn ìjọba ńlá pàápàá ò yọ: Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ń náwó lé bàálù Concorde nígbà tó ti hàn pé kò ní pa owó náà wọlé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ra ọjà ni kí ẹ ti kọ ọjọ́ tí ẹ máa lé e dànù sílẹ̀.

Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ní mo ń sọ̀rọ̀ bíi dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, léèsì ni mò ń tà.

Àwọn kan tún ń sọ pé kéèyàn pa ọkàn tì, kó fi orí nìkan ṣòwò. Irọ́ ni. Antonio Damasio, onímọ̀ nípa ọpọlọ, ṣàpèjúwe àwọn aláìsàn tí apá iwájú ọpọlọ wọn bàjẹ́: làákàyè wọn pé, ṣùgbọ́n nǹkan kì í fi bẹ́ẹ̀ kan ọkàn wọn mọ́, ìpinnu tó yẹ kí wọ́n ṣe ní kíá di wàhálà. Bí ara yín ò bá gba ẹni tó fẹ́ kó ọjà fún yín, ẹ kà á mọ́ ìṣirò.

Àwìn fún ẹni tó ń yìn yín? Ẹ má tà á. Bó bá bínú, kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.