Bí mo ṣe gbẹ́ ọpọ́n ayò tuntun fún bàbá mi

Ikán ló jẹ ọpọ́n ayò bàbá mi. Wọ́n gbé e kalẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn lásìkò òjò, nígbà tí wọ́n sì máa fi wá a, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Iléyá ọdún 2024 dé. Ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ni àwọn ẹgbẹ́ bàbá máa ń yà sí lẹ́yìn Ojúde Ọba, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, láti bọ́ agbádá, kí wọ́n sì ta ayò títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbẹ́ òmíràn fún yín." Wọ́n wò mí títí. "Ṣé o lè gbẹ́ ihò méjìlá tó dọ́gba?"

Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti lọ ra pákó. Àgbàlagbà kan níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ti igi apá tí mo dì mú sẹ́yìn, ó ní apá yóò pa mí lápá, kí n mú ọmọ̀, nítorí ó fúyẹ́, kò sì le fún irin. Mo ra èyí tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, tó fẹ̀ ní íǹṣì mẹ́jọ, tó sì nípọn ní íǹṣì mẹ́ta.

Pákó àkọ́kọ́ yẹn bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Etí ihò ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́, mo fi òòlù lu irin kíkankíkan, ògiri tó wà láàárín ihò kẹta àti ìkẹrin sì là. Owó mìíràn ni mo fi ra òmíràn. Lórí èkejì, mo fi ife omi fa ìlà yíká, mo fi ìwọ̀n ìka kan ya ihò kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, mo sì ń gbẹ́ láti àárín lọ sí etí, díẹ̀díẹ̀. Ó gbà mí ní ọjọ́ márùn-ún, ìrọ̀lẹ́ nìkan ni mo sì ń ṣe é.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ìdí ihò. Ó gbọ́dọ̀ rí róbótó bí inú igbá, kí ọmọ ayò lè máa yí wá sáàárín, kí ìka sì lè kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ìdí ihò bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ọmọ kan á sá pamọ́ sí kọ̀rọ̀, ìjà á sì dé: ẹni tó kó ilé rẹ̀ (ihò ayò là ń pè ní ilé) yóò ní òun ti kó o tán, ẹni kejì yóò ní ó ku ọ̀kan. Bàbá wá, wọ́n fi ìka wá ihò kọ̀ọ̀kan wò, wọ́n dá mi padà sórí mẹ́rin. Mo tún wọn ṣe, mo fi sáǹpépà fá gbogbo rẹ̀, mo sì fi àdín pa á.

Ọmọ ayò kù. 48 ló yẹ kó jẹ́, mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé méjìlá, ṣùgbọ́n 41 ló kù nínú àpò. Igi ayò ń dàgbà lára ọgbà ẹnìkan ládùúgbò, ẹ̀gún sì bo igi àti èèpo èso rẹ̀. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo mú èyí tó ti gbó tó sì dúdú bí eérú. Èyí tí kò gbó máa ń rọ̀, kò ní í dún lórí ọpọ́n.

Ojúde Ọba bọ́ sí ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Òkúdù. Ìlù àti ìró pátákò ẹṣin ṣì ń bọ̀ láti ìgboro nígbà tí ọ̀rẹ́ bàbá kan jókòó. Ó fi ọwọ́ gbá etí ọpọ́n, ó ní, "Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ!" Àwọn yòókù dáhùn, "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn!" Ọ̀ta ni ẹni tó mọ ayò ta, ọ̀pẹ ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta. Inú mi dùn gan-an.

Bàbá pè mí kí n bá wọn ta. Mo jẹ díẹ̀díẹ̀, ọmọ méjì, ọmọ mẹ́ta, mi ò kíyè sí i pé wọ́n ń kó odù, ìyẹn ọmọ ayò púpọ̀ nínú ilé kan ṣoṣo, jọ sí ilé wọn tó wà lápá ọ̀tún pátápátá. Ó ti di mẹ́rìnlá. Wọ́n gbé e: mẹ́fà bọ́ sínú ilé mi, márùn-ún sínú tiwọn, wọ́n fo ilé tí wọ́n ti gbé e, mẹ́ta tó kù sì bọ́ sínú ilé mi mẹ́ta tó ṣófo kí wọ́n tó gbé odù. Méjì méjì ló di nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì jẹ gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n mọ orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, sún mọ́ wa wá wò ó. Èyí gan-an ni mo ń fẹ́. Kí wọ́n máa wo bọ́ọ̀lù wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ odù gbígbé pẹ̀lú.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, bàbá ka ọmọ ayò sínú àpò. 47. A tan tọ́ọ̀ṣì, àwa àti àwọn ọmọ, a sì rí ọ̀kan tó kù lábẹ́ àga. Bàbá nù ún lára aṣọ wọn, wọ́n di ẹnu àpò, wọ́n sì gbé ọpọ́n náà sórí tábìlì, jìnnà sí ilẹ̀.