Bí omi gbígbóná ṣe kọ̀ láti tutù mọ́ nínú tánkì àfọwọ́ṣe

Dúrọ́ọ̀mù méjì ni tánkì yìí, ọ̀kan wà nínú èkejì, èèpo ìrẹsì ló sì kún àárín wọn kí omi gbígbóná má baà tètè tutù. Èèpo tó rin ló ń jẹ́ kí omi náà tutù kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí èèpo bá gbẹ, afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ ló ń dá ooru dúró. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ooru á bá omi náà jáde.

Dúrọ́ọ̀mù onírin lítà 200 ló wà níta, oníke lítà 60 wà nínú. Àlòkù ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ má ra oníke tó ti gbé kẹ́míkà rí láé. Níbi ìlọ ìrẹsì ní Ìgbẹmọ ní Èkìtì, òkìtì ni wọ́n ń da èèpo sí. Ẹ sá a títí yóò fi máa dún wàràwàrà lọ́wọ́.

Ìdí ẹ̀rọ omi tó wà lára dúrọ́ọ̀mù inú ni omi ti ń jò wọ inú èèpo. Páìpù oníke tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ti rọ̀ nítorí ooru, ó sì ń kán tó, tó. Páìpù onírin ló rọ́pò rẹ̀. A gé wọ́ṣà 2, ìyẹn òrùka rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi jò, lára tíúbù ọkọ̀ àtijọ́, ọ̀kan nínú, ọ̀kan níta, kí nọ́ọ̀tì tó fún wọn pọ̀. Ẹ pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù inú, kí ó sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Ẹ fi bébà gbígbẹ nu ìdí ẹ̀rọ náà. Bí bébà bá rin, ẹ má tíì da èèpo sí i.

Ẹ to pákó sábẹ́ dúrọ́ọ̀mù inú, torí èèpo nìkan kò lè gbé omi 60 kílò. Òkè ni ooru ń gbà sá jù: àpò èèpo tó nípọn ni kí ẹ fi bo ìdérí. Èèpo á máa rọ̀ wálẹ̀. Ẹ máa bù kún un.