Bí Olórí Ṣe Lè Mú Kí Àwọn Ọmọ Iṣẹ́ Rẹ̀ Máa Sọ Òótọ́ fún Un

Ẹni tó ń darí àwọn ẹlòmíràn lè máa sọ ní gbogbo ìpàdé pé kí ẹni tó bá ní ìṣòro wá bá òun, ṣùgbọ́n bí ẹni tó kọ́kọ́ wá bá gba èébú lọ, àwọn tó kù ti gbọ́ ìkìlọ̀ tiwọn. Ojú olórí ni wọ́n ń wò ju ẹnu rẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ tún ìwà yín ṣe nítorí àwọn tó wà lábẹ́ yín, ọ̀nà tí ẹ ń gbà gbọ́ ìròyìn burúkú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Alan Mulally di ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Ford lọ́dún 2006, ó ní kí àwọn olórí ẹ̀ka máa fi àwọ̀ sàmì sí iṣẹ́ wọn ní ìpàdé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀: àwọ̀ ewé fún èyí tó ń lọ déédéé, àwọ̀ ìyeyè fún èyí tó ń mẹ́hẹ, pupa fún èyí tó ti dẹnu kọlẹ̀. Owó tí ilé iṣẹ́ náà pàdánù lọ́dún yẹn lé ní bílíọ̀nù 12 dọ́là, síbẹ̀ àwọ̀ ewé ni gbogbo wọn ń gbé wá. Lọ́jọ́ tí Mark Fields, ọ̀kan nínú àwọn olórí ẹ̀ka náà, fi pupa hàn, nítorí ọkọ̀ tuntun kan tó ní àbùkù, kẹ́kẹ́ pa mọ́ àwọn yòókù lẹ́nu, nítorí wọ́n rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mulally pàtẹ́wọ́ fún un, ó sì béèrè ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́. Láìpẹ́ sígbà náà, àwọn yòókù náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi pupa hàn.

Kò pọn dandan kí ẹ pàtẹ́wọ́ o. Lọ́wọ́ ẹlòmíràn, eré lásán ni yóò jọ. Ìbéèrè tó tẹ̀lé e ni kí ẹ mú. Ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mú ìròyìn wá, kí ẹ béèrè ohun tó nílò, kí ẹ tó wá wádìí bí ọ̀ràn ṣe ṣẹlẹ̀. Bí “ta ló fà á?” bá ṣíwájú, àwáwí tí oníkálukú fi ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀ nìkan ni ẹ máa gbọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ tàn yín. Nínú ìwádìí tí Amy Edmondson, onímọ̀ nípa bí àwọn ènìyàn ṣe ń bára wọn ṣiṣẹ́, gbé jáde lọ́dún 1996 lórí àwọn ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, àwọn ẹ̀ka tí olórí wọn ṣe é bá sọ̀rọ̀ ni àkọsílẹ̀ àṣìṣe oògùn wọn pọ̀ jù, nítorí pé ẹ̀rù kì í bà wọ́n láti sọ ọ́.

Ìbínú náà máa ń tàn kálẹ̀. Bí ẹ bá gbé e láti ilé wọ ibi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ilé ló ti wá. Ẹni tó fẹ́ sọ fún yín pé oníbàárà kan ti ń ráhùn yóò sún un di ọ̀la, ọ̀la yóò di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, oníbàárà yóò sì ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ sọ ní gbólóhùn kan pé ara yín kò balẹ̀ láàárọ̀ náà, àti pé kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Òfin tí ẹ bá ṣe, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ pa á mọ́, pàápàá ti àkókò. Ẹ máa yin ènìyàn lójú gbogbo ẹgbẹ́, kí ẹ sì bá a wí ní kọ̀rọ̀. Bí ìpinnu yín bá kùnà, ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú àwọn tí ẹ pa á láṣẹ fún gan-an, kì í ṣe fún ẹnì kan ṣoṣo lẹ́yìn ilé.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí nǹkan dé, ẹ kúrò níbi iṣẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Tí ẹ bá padà, ẹ béèrè ohun tí wọ́n pinnu láìpè yín, kí ẹ sì fi ara balẹ̀ wo èyí tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe ṣùgbọ́n tí wọ́n fi sílẹ̀ dè yín.