Kí ẹ tó taná sí IMSAI 8080 yín

Mo mọ̀ pé ọwọ́ ń yún yín kí ẹ so ó mọ́ iná, kí ẹ rí àwọn iná pupa wẹ́wẹ́ iwájú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́jú. Ẹ fara balẹ̀. Kọ̀ǹpútà àgbàlagbà ni, ìparí 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Kalifọ́níà.

Ẹ ṣí ìdérí. Bọ́ọ̀dù gbọọrọ tó wà nísàlẹ̀ àpótí yẹn, èyí tó lè ní ihò tó 22, kò ní ọpọlọ kankan. Ọ̀nà ni, kì í ṣe ọjà: ilà 100 ló kàn gba gbogbo ihò kọjá. Orí káàdì, ìyẹn bọ́ọ̀dù tí à ń ti bọ ihò, ni ọpọlọ wà, mẹ́mórì wà lórí káàdì mìíràn. Kódà bọ́ọ̀dù iwájú tó ní suwíìṣì pupa àti búlúù, inú ihò ló ń jókòó sí. Ti Altair 8800 àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà irú rẹ̀ mìíràn, bọ́ọ̀dù oníhò mẹ́rin mẹ́rin ni, waya lẹ ó fi so wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá ti fi lẹ́ẹ̀dì (òjé tí à ń yọ́) lẹ ọgọ́rùn-ún waya rí á mọ ìdí tí mo fi fẹ́ràn IMSAI.

Ẹ kọ nọ́ńbà ihò sára káàdì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yọ gbogbo wọn. Ẹ fi gílóòbù mọ́tò fa iná tó kù nínú àwọn kapásítọ̀ (ohun tó ń tọ́jú iná pa mọ́) tó tóbi bí agolo mílíìkì. Búrọ́ọ̀ṣì eyín àti ọtí ìfọ-nǹkan tó fún bọ́ọ̀dù náà. Àwọn kan ń fi írésà ha ẹnu káàdì; èmi kì í ṣe é, góòlù ibẹ̀ kò nípọn.

Ẹ wá yọ waya páwà kúrò lára bọ́ọ̀dù, kí ẹ gbé mítà síbi tó ti ń dún bí ojú méjì bá so pọ̀. Pínnì 1 àti 51 (nọ́ńbà àwọn ilà 100 yẹn nìyẹn) gbọ́dọ̀ dún, fóòtì (volt) 8 kan náà ló wà lára wọn. 50 àti 100 gbọ́dọ̀ dún, áàtì nìyẹn. Ṣùgbọ́n 1 àti 2 kò gbọ́dọ̀ dún rárá: fóòtì 16 ló wà lórí 2. Ta ló fi wọ́n ṣe aládùúgbò ná? Lórí èyí tí mo kọ́kọ́ tún ṣe, mi ò wọn ibẹ̀. Ẹ̀kán lẹ́ẹ̀dì tí kò tó orí abẹ́rẹ́ ti há sáàárín wọn lábẹ́ bọ́ọ̀dù. Bí mo ṣe taná, kapásítọ̀ kékeré kan lórí káàdì mẹ́mórì dún pàá. Ọjọ́ mẹ́ta ni òórùn rẹ̀ fi wà lára kọ́tìnì.

Ẹ dá waya páwà padà láìfi káàdì sí i. Ọ̀gá mi ní Mushin ló fi rédíò kọ́ mi ní èyí: ẹ so gílóòbù 100 wáàtì, irú àtijọ́ tó ń gbóná, sí àárín waya iná kan, kí iná gba inú rẹ̀ kọjá kó tó dé ẹ̀rọ. Bó bá tàn fìrí tó sì rọ̀, kò sí wàhálà. Bó bá mọ́lẹ̀ kalẹ̀, ẹ pa á, ṣọ́ọ̀tì wà níbì kan. Ẹ wọn 1: ó lè lé ní 9, torí kò tíì sí ẹrù lórí rẹ̀. 52 ní láti jẹ́ -16, kó lé díẹ̀.

Ẹ pa á kí ẹ tó ti káàdì kankan bọ ihò, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, ti ọpọlọ ló kẹ́yìn. Règúlétọ̀ orí káàdì ló ń sọ 8 di 5, òun náà ló ń gbóná. Bí àyè bá wà, ẹ fo ihò kan láàárín káàdì méjì, kí ẹ sì dé ìdérí padà. Bó bá ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn fáànù kì í gba àárín wọn.